Dígí Abẹ́ Imú Mísìs Ìbíkúnlé

Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Ìpọ̀nrí tó ń fi dígí gba èémí èèyàn. Dígí kékeré ni o, irú èyí tí obìnrin fi ń wo ojú tó bá fẹ́ lẹ àtíkè. Á gbé e sábẹ́ imú rẹ, á ní kí o máa kùn bí oyin. Wàá máa kùn, wàá máa kùn, títí èémí á fi tán nínú rẹ. Á wá dé dígí rẹ̀ pa, á jù ú sínú báàgì, ó parí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìpọ̀nrí nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Tejúoṣó, dígí ti di méje. Nígbà tó fi máa wọ Muṣin, ó ti di dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù, ó ga ju èèyàn lọ, odidi ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń kọrin lọ́sàn-án gangan, tí ará ilé kejì kò fi rí oorun sùn.

Lẹ́nu Àṣàkẹ́ tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó ni Mísìs Hilda Ìbíkúnlé ti gbọ́ ọ. Àṣàkẹ́ kò mọ̀ ọ́n rí. Hilda ní aṣọ funfun lòun ń wá, òun fẹ́ fi rán kọ́là tuntun fún àwọn akọrin. Bí Àṣàkẹ́ ṣe gbọ́ "akọrin" báyìí, ó ju aṣọ sílẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún mọ́ ọn.

"Àǹtí mi, ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Ìpọ̀nrí yẹn lẹ ti ń kọrin?"

Hilda ní ibẹ̀ ni.

"Ẹ sá kúrò níbẹ̀ o. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gba èémí. Ẹ wo imú yín bó ṣe gún régé, kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ lọ fi ta á lọ́rẹ?"

Hilda bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Ẹni tí wọ́n gba tiẹ̀ gan-an ni. Káfíńtà ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ dúró sí yẹn. Ó ní láti ọjọ́ náà, tóun bá ń mí, ṣe ló ń dà bíi pé òun yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

Hilda dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba aṣọ rẹ̀, ó lọ. Kò sọ pé òun ni obìnrin náà. Bó bá sọ ọ́ níbẹ̀, gbogbo ọjà Tejúoṣó ni ì bá fi ọwọ́ bo imú sá lọ.

Ohun tó dùn ún jù ni pé irọ́ náà kì í ṣe irọ́ tán. Dígí wà. Ọkùnrin kan sì kùn títí èémí fi tán nínú rẹ̀.

Kò sí ohun tí Mísìs Ìbíkúnlé fẹ́ràn láyé yìí tó imú. Ilé onímẹ́tọ́díìsì ni wọ́n bí i sí, tíṣà ni ní Yábà, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ṣe ń la ẹnu sọ̀rọ̀ kí ó yéni. Lọ́dún kan, wọ́n rán òun àtàwọn tíṣà mìíràn lọ sí Ìbàdàn nígbà ọlidé láti lọ kọ́ nípa ohùn. Olùkọ́ tó kọ́ wọn níbẹ̀ yọ dígí kan jáde, ó gbé e sábẹ́ imú ara rẹ̀, ó pe m. Dígí ṣú bí ojú ọjọ́ òjò. Ó nù ún, ó pe b. Dígí mọ́ kedere, torí èémí m ló ń gba imú jáde, ti b kì í gba ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ni. Àwọn tíṣà yòókù kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jẹun. Hilda kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó dúró síwájú dígí bàlùwẹ̀ títí wọ́n fi wá a wá.

Láti ìgbà tó ti dé, kò wo ojú èèyàn mọ́, imú ló ń wò. Ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, kò lè kí i káàárọ̀ kó má sọ fún un pé imú rẹ̀ pẹ́ kó tó tì. Ọkọ náà wá dọ́gbọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn nídìí oúnjẹ, kí ìwé lè bo imú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ka ìwé ìròyìn láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Obìnrin tó rí báyìí ni wọ́n fi ṣe olórí akọrin. Bàbá Christopher Kọ́lápọ̀ ló ń darí wọn tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí ìgalà ṣì ń jẹko ní Súrùlérè. Nígbà tí apá bàbá náà kò gbé sókè mọ́, ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbé iṣẹ́ náà fún Hilda, wọ́n sì fi bàbá ṣe alága ìgbìmọ̀ kí ó má baà sunkún. Kò tíì sí obìnrin tó dé ipò náà rí. Bàbá Kọ́lápọ̀ gbà á bí èèyàn ṣe ń gbé kuníìnì mì: ó gbé e mì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tú ká mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977 lọ̀rọ̀ dé góńgó. Àjọ̀dún ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, àlejò kún Èkó bí omi òkun. Wọ́n ní pásítọ̀ kan láti Tansaníà máa wá jọ́sìn pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìgbìmọ̀ sì ní kí àwọn akọrin kọ orin kan fún un ní èdè rẹ̀. Lójú gbogbo ìgbìmọ̀ ni Bàbá Kọ́lápọ̀ ti kọjú sí Hilda.

"Hilda, bí orin yìí bá dára, kúáyà di tìrẹ, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá bàjẹ́ lójú àlejò, wàá kó kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin wá fún mi."

Hilda ní orin náà máa dára. Àpọ́n kò mọ ìyà tí òbí ń jẹ. Kò tíì gbọ́ orin náà.

Ọmọbìnrin ará Tansaníà kan wà ní Ìdí-Àràbà tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá kọ́ wọn ní orin náà, ó kọ ọ́ fún wọn dáadáa, ó sì padà sídìí ìwé rẹ̀. Ìpè ni orin náà: ẹ wá, ará, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́run. Ní èdè Súwàhílì, wọ́n á ní, *Njooni, ndugu, twende mbinguni.* Orin kúkurú. Tó bá jẹ́ ará Tansaníà ló ń kọ ọ́, á dé ọ̀run kí o tó di okùn bàtà tán.

Àwọn akọrin Ìpọ̀nrí kò dé ọ̀run bọ̀rọ̀. *Ń-jó-ò-ní,* wọ́n bẹ̀rẹ̀. *Ń-dù-gú.* Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n mí. *Tù-wé-ń-dé.* Nígbà tí wọ́n fi máa dé *ḿ-bí-ń-gù-ní,* dùùrù ti parí tipẹ́, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ti ká ọwọ́ lẹ́rán, ó ń wo àjà.

Hilda mọ ohun tó fà á. N ti Yorùbá, àgbàlagbà ni. Ó ní ohùn tirẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó sì ní àga tirẹ̀. Tí a bá ní ó ń bọ̀, n yẹn kò fara ti ẹnì kankan. Kódà nínú pẹ́ńpẹ́, pẹ́ńpẹ́ kékeré yẹn, n jókòó sáàárín bí ọba. Ṣùgbọ́n n ti àwọn Súwàhílì tó ṣáájú d, tàbí m wọn tó ṣáájú b, ọmọ ọwọ́ ni. Imú á ṣí fìrí, á tì, ètè á là, gbogbo rẹ̀ á ṣẹlẹ̀ nínú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo. Ohùn méjì ni, ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ kan ni.

"Ẹ pọ̀n ọ́n," ni Hilda sọ fún wọn. "N yẹn, ẹ pọ̀n ọ́n sẹ́yìn d. Ẹ má jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé ló dá a lóhùn. Káfíńtà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ohùn rẹ̀ ló nípọn jù nínú àwọn béèsì. Tó bá kùn, ìjókòó á máa gbọ̀n. "Àǹtí, nílé tiwa, ọmọ tó bá ti lè rìn, a kì í pọ̀n ọ́n mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hilda kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tún un kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, dípò kí wọ́n pọn ọmọ náà, wọ́n jù ú nù. *Jooni, dugu, twede, biguni.* Ó ní rárá, ó yẹ kó wà níbẹ̀, kí imú gbọ́ ọ díẹ̀. Díẹ̀ tó ní kí imú gbọ́ yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbé odidi orin náà gba imú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú láti Kérésì. Kò sí fáwẹ̀lì kan tó jáde láti ẹnu. Ajá tó sùn sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dìde, ó kúrò.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe báyìí. Ẹni tó bá gbà á lónìí á gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Hilda bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá n. Ó lá a pé òun pọn n, n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òun, ó ní òun fẹ́ rìn.

Ìgbà náà ló mú dígí jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ìgbà tí imú ń ṣí àti ìgbà tó ń tì. Ó pe Ọ̀jẹ̀túndé síwájú, torí imú Ọ̀jẹ̀túndé fẹ̀, ó dára fún ìkọ́ni. Ó gbé dígí sábẹ́ imú rẹ̀, ó ní kó pe m, kó di m náà mú títí òun á fi ní ó tó. Dígí ṣú. Gbogbo wọn rí i. Àwọn obìnrin olóhùn òkè wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé dígí náà ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀ ni, Hilda yíjú sí wọn, iyàn gbóná, Hilda sì gbàgbé pé ẹnì kan ń bẹ lẹ́yìn òun tó di m mú.

Ọ̀jẹ̀túndé kò fi í sílẹ̀. Káfíńtà tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó di pákó mú kì í fi pákó sílẹ̀. Ó kùn, ó kùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ dúdú, ó wó lulẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì sì là sí méjì.

Ìyá Mabel ló sáré débẹ̀ láti àárín àwọn akọrin, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Ìdí-Àràbà. Ó fi ìwé orin fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi la ojú. Ìyá Mabel wá rí dígí lọ́wọ́ Hilda.

"Hilda, kí lò ń ṣe yẹn? Òkú la máa ń gbé dígí sí nímú, ká fi mọ̀ bóyá ó ti lọ tán."

Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn jáde ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí Ìyá Mabel tó jáde fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí Hilda ti Tejúoṣó dé, ó gba ṣọ́ọ̀bù Ọ̀jẹ̀túndé lọ. Èrò kún ibẹ̀. Ọkùnrin méjì jókòó sórí àga tuntun, wọ́n ń wo àyà káfíńtà bó ṣe ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, ta ló gba èémí yín?"

"Ẹ̀yin ni, Àǹtí." Ó dáhùn bí ẹni tí wọ́n bi pé ọjọ́ wo ni òní.

"Ẹ ṣubú ni."

"Mo ṣubú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa ti Ìkòròdú wá wo ẹni tó ṣubú? Èèyàn ń ṣubú ní Ìkòròdú náà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹni tó bá wá wò mí, kì í lọ láìra àga. Kò sì sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún tí mi ò sọ pé èèyàn dáadáa ni yín, pé jẹ́jẹ́ lẹ gbà á."

Hilda ní àwọn akọrin ti ń sá, kò sì ní sí ẹni tó máa kọrin fún àlejò mọ́. Ọ̀jẹ̀túndé na ọwọ́ sókè, ó ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, òun máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, èémí tó kù nínú òun tó orin kan. Hilda bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe wá. Kò tíì wá síbi ìdánrawò láti ọjọ́ tó ti ṣubú, n rẹ̀ ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ọ̀jẹ̀túndé rò pé Hilda ń káàánú òun ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìdánrawò tó kẹ́yìn ló wá burú jù. Ìwọ̀nba àwọn tó wá jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n ní kí Hilda dúró níbi tó wà. Nígbà tí wọ́n la ẹnu, *baba* àti *dada* ló ń jáde. Gbogbo m ti di b, gbogbo n ti di d. Hilda rò pé orí òun fẹ́ yí. Ó pe Sista Ethel, tó jókòó ní ìkángun, ó ní kó gbójú sókè. Ethel gbójú sókè. Òwú funfun wà ní ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Gbogbo wọn ló ki òwú bọ imú, kí dígí má baà rí ibi gbà wọlé.

Hilda jókòó. Gbogbo ohun tó mọ̀ láyé, pé láìsí imú kò sí m, pé láìsí imú kò sí n, wọ́n ti ṣe é lójú rẹ̀ kedere ju bí dígí kankan ṣe lè fi hàn lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èyí tí ẹ ṣe yẹn, òkú la máa ń ṣe é fún."

Kíá ni òwú fò jáde ní gbogbo imú. Ìdajì wọn bá òwú lọ, wọn ò sì padà. Ìdajì tó kù dúró, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n sì kọ orin náà. Bóyá ẹ̀rù ló ṣe é, Hilda kò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n pọn ọmọ. Orin náà lọ geere láti òkè dé ìsàlẹ̀, dùùrù àti ẹnu jọ dé ọ̀run pọ̀. Hilda lọ sílé, ó kí ọkọ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ imú. Ọkọ rẹ̀ rò pé ara rẹ̀ kò yá ni.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Pásítọ̀ àlejò jókòó síwájú, ọkùnrin gíga tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Bàbá Kọ́lápọ̀ jókòó tì í. Àwọn akọrin tó kù dìde pẹ̀lú kọ́là funfun wọn, dùùrù bẹ̀rẹ̀. *Njooni, ndugu,* àwọn obìnrin gbé e, ó mọ́, ó fúyẹ́, àlejò gbé orí sókè. Àyà Hilda ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ṣí, tí Ọ̀jẹ̀túndé wọlé nínú aṣọ akọrin rẹ̀. Gbogbo ìjọ yí ọrùn láti wo ẹni tí kò ní èémí mọ́. Ó rìn dé àyè rẹ̀, ó fa èémí tí ẹni mẹ́rin lè pín, ó sì la ẹnu.

*Tù-wé-ń-dé.*

Bí màlúù ńlá bá wọ inú agbo, agbo á tẹ̀lé e. Béèsì tẹ̀lé e, àwọn obìnrin gbìyànjú láti dúró sí tiwọn, kò ṣeé ṣe, wọ́n bá a lọ. *Ḿ.* Wọ́n sinmi. *Bí.* *Ń.* Dùùrù parí. *Gù.* Ẹni tó ń tẹ dùùrù ká ọwọ́ lẹ́rán. *Ní,* ni Ọ̀jẹ̀túndé sọ ní òun nìkan, ó sì jókòó pẹ̀lú ayọ̀.

Àlejò pàtẹ́wọ́. Ó fi èèbó dúpẹ́, ó ní orin náà dùn púpọ̀, ó sì bi wọ́n pé èwo nínú àwọn èdè Nàìjíríà ni.

Bàbá Kọ́lápọ̀ dìde kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò. Ó ní kí wọ́n má dá àwọn akọrin lẹ́bi, pé àìsàn ló bá wọn jà, pé obìnrin tó ń darí wọn ló ní dígí kan tó fi ń gba èémí wọn, gbogbo ìlú ló sì mọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti tán, Mísìs Ìbíkúnlé ti gbà láti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, òun máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Hilda dìde níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Ó rìn lọ síwájú pẹpẹ. Àwọn kan fi ọwọ́ bo imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe rí. Èémí tí wọ́n ní mo gbà, mo gbà á. Ti ẹnì kan ni, kì í ṣe ti gbogbo ìlú. Mo ní kó di ohùn m mú, mo wá gbàgbé láti ní kó fi sílẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀bi mi, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Èémí ọ̀hún kò sí nínú dígí kankan. Ó ti padà sára rẹ̀; gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí, ó ju bó ṣe yẹ lọ."

Ọ̀jẹ̀túndé mi orí, bí ẹni tí wọ́n yìn.

"Dígí kan ni mo ní, kì í ṣe méje. Àwọn akọrin yìí kò ṣàìsàn, wọ́n gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ re lọ́jọ́ ìdánrawò. Bàbá sì ní mo ti gbà láti fi kúáyà sílẹ̀. Bàbá, ẹ dákun, sà, mi ò gbà. Ẹ ò tíì bi mí. Tí ẹ bá bi mí báyìí, mi ò ní gbà."

Ó wá kọjú sí àlejò. Ó ní Súwàhílì ni orin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ Yorùbá ló fi rìn dé. Ó fa èémí, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìsí dùùrù. *Njooni, ndugu, twende mbinguni.* Kò sí n kan tó fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Pásítọ̀ náà fò dìde. Ó dì mọ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè rẹ̀ wùyẹ̀wùyẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nawọ́ sí òrùlé, ó ń nawọ́ sí àyà, kò sinmi. Bàbá Kọ́lápọ̀ wo àlejò, ó wo Hilda, ó jókòó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó rí i pé àlejò kò ní dákẹ́, ó rẹ orí sílẹ̀ sí ìhà Hilda.

"Olórí akọrin, kí ni wọ́n ń wí?"

"Mi ò mọ̀, sà," ni Hilda fi ohùn tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ dáhùn. "Ohùn wọn ni mo kọ́, mi ò kọ́ èdè wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ níta pé mo gbọ́ ọ."